Ilẹ̀ Àtìpó ní Etí Omi Dubai

Bí ènìyàn bá sọ nílé pé òun ń lọ sí Dubai, ọ̀rọ̀ ọjà ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé. Ẹnìkan á ní kí o bá òun wo wúrà, òmíràn á bèèrè iye tí fóònù ń lọ níbẹ̀, ẹ̀kẹta á ní kí o ya fọ́tò níwájú Burj Khalifa kí òun rí i lórí WhatsApp. Mo gbọ́ tiwọn, mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé mi lọ yàtọ̀. Ní apá Bur Dubai, létí omi tí wọ́n ń pè ní Creek, àdúgbò kan wà tí àwọn àjèjì tó wá láti òdìkejì òkun tẹ̀dó ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bastakiya ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀; láti 2012, Al Fahidi ni orúkọ tí ìjọba fi ń pè é. Ilé àwọn àjèjì yẹn ni mo fẹ́ rí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ dó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, àwọn Júù oníkibbutz ló sì fà á. Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láyé Awólọ́wọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì, máa ń sọ pé Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí i kọ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wo bí àwọn Júù ti ń ṣe é, wọ́n sì dá oko bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti nǹkan bí 1959 sí 1960, ní Akufo lẹ́bàá Ìbàdàn, ní Ilora lẹ́bàá Ọ̀yọ́, àti láwọn ibòmíràn. Moshav ni wọ́n mú lò, níbi tí olúkúlùkù ti ní oko tirẹ̀, tí wọ́n kàn jọ ń ra irinṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń ta ire oko. Wọn kò dábàá kibbutz, níbi tí oko àti owó ti jẹ́ ti gbogbo wọn lápapọ̀. Wọ́n mọ̀ wá dáadáa: ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ Yorùbá pé iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kì í ṣe tirẹ̀? Síbẹ̀, owó tí ìjọba ná sórí oko wọ̀nyẹn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ sì gba ìlú lọ.

Nígbà tí mo dé Dubai, láti Deira, ní òdìkejì Creek, abra ni mo wọ̀ sọdá sí Bur Dubai. Ọkọ̀ onígi ni, ó ní òrùlé ṣùgbọ́n kò ní ògiri. Pákó ìjókòó wà láàárín, àwọn èrò á kẹ̀yìn síra wọn, wọ́n á kọjú sí omi. Dírámù kan ni owó ọkọ̀. Awakọ̀ dúró nínú kòtò kékeré kan láàárín wa, ó ń tukọ̀, ó ń gba owó, ó ń fún èrò ní ṣéńjì, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Èéfín dísù gba imú mi. Ọkùnrin tó jókòó tì mí gbé àpò àlùbọ́sà lé itan. Ní èbúté Deira tí a ti kúrò, àwọn ọkọ̀ onígi ńláńlá so mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn alágbàṣe ń kó fíríìjì, táyà àti páálí oríṣiríṣi sínú wọn. Iran ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ. Ọ̀nà omi tí àwọn ará Bastak, àwọn àjèjì tó kọ́ Bastakiya, gbà wá kò tíì dí.

Bastak fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú etí òkun. Ó wà láàárín òkè, ní gúúsù Páṣíà tí a ń pè ní Iran lónìí. Sunni ni àwọn ènìyàn rẹ̀, nínú orílẹ̀-èdè tí Shia ti pọ̀ jù. Àwọn oníṣòwò wọn máa ń kó ọjà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté Lengeh, níbi tí perli inú òkun, ìrẹsì àti aṣọ Íńdíà ti ń pàdé. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, ìjọba Tehran nílò owó, ó na ọwọ́ dé Lengeh, ó sì fi àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ọ̀gá oníbodè. Owó bodè wá di ohun tí oníṣòwò ń sunkún sí. Ẹni tó bá ti kó ọjà gba Sẹ̀mẹ̀ rí kò nílò kí n ṣàlàyé irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Ọba Dubai ìgbà náà, Sheikh Maktoum bin Hasher, tó wà lórí oyè láti 1894 sí 1906, kò jẹ́ kí àǹfààní náà fo òun ru. Ó mú owó bodè kúrò lórí ọjà, ó pe àwọn oníṣòwò náà kí wọ́n máa bọ̀, ó sì fún wọn nílẹ̀ létí omi, ní ìlà-oòrùn ilé odi Al Fahidi tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1787. Ìlú kékeré ni Dubai nígbà náà, ìlú apẹja àti àwọn tó ń wá perli. Láàárín ọdún díẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń yà ní Lengeh bẹ̀rẹ̀ sí yà ní Dubai, Lengeh sì ń rẹ̀yìn. Àwọn oníṣòwò yìí kọ́kọ́ rò pé ìgbà díẹ̀ ni, pé bí Tehran bá dẹwọ́, àwọn á padà sílé. Tehran kò dẹwọ́. Wọ́n ránṣẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ wá, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti wá sọ àdúgbò tuntun náà.

Àwọn òpópónà ibẹ̀ tóóró débi pé ẹni méjì tó sanra kò lè kọjá lára ara wọn láìbẹ ara wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí òjìji ilé kan lè máa bo ilé kejì. Ògiri tó kọjú sí ìta kò ní fèrèsé nísàlẹ̀. Gbogbo ilé kọjú sínú àgbàlá rẹ̀, bí agboolé wa àtijọ́. Ohun tó yọ lórí wọn ni ilé-ìṣọ́ onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní barjeel. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ojú èéfín ni.

Mo wọ ilé kan tí wọ́n ti sọ di ibi ìpàtẹ àwòrán, mo dúró sábẹ́ barjeel gan-an, mo gbójú sókè. Ihò náà ṣí sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú rẹ̀, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gba ara wọn kọjá láti igun dé igun, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìhà yòówù kí atẹ́gùn ti fẹ́ wá, yóò bọ́ sínú ọ̀nà kan, yóò já wálẹ̀ sínú yàrá, yóò sì lé ooru gba ọ̀nà òdìkejì jáde. Mo na ọwọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, afẹ́fẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n òógùn ọrùn mi gbẹ. Ògiri ilé náà jẹ́ òkúta iyùn tí wọ́n wú nínú òkun, tí wọ́n wá fi ẹfun rẹ́. Níbi tí ẹfun ti ṣí díẹ̀, mo fi ìka kàn án: ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, níbi tí ẹ̀dá inú omi ti gbé rí. Ihò wọ̀nyẹn ni kì í jẹ́ kí ooru ìta tètè wọlé. Igi tí wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀ ti inú irà etí òkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá, ọkọ̀ onígbòkun ló gbé e dé.

Láti Páṣíà ni àwọn àjèjì yìí ti mú ọgbọ́n barjeel wá. Lónìí, kò sí ìwé ìpolówó Dubai kan tí kò fi í ṣọnà, hòtẹ́ẹ̀lì tuntun ń kọ́ ayédèrú rẹ̀ sórí òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ohun tí àlejò gbé wá ti di àmì ìdánimọ̀ onílé. Èyí wú mi lórí ju gbogbo ilé gíga tí mo rí lọ.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí Degania. Ní oṣù October 1910, ọkùnrin mẹ́wàá àti obìnrin méjì, àwọn ọ̀dọ́ Júù tó sá kúrò lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà, lọ dó sí Umm Juni, ní ìsàlẹ̀ Òkun Gálílì, nígbà tí Palestine ṣì wà lábẹ́ àwọn Tọ́kì. Kibbutz àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn náà sá fún ìyà bí ti àwọn ará Bastak, kódà tiwọn le jù. Ti Bastak jẹ́ ti owó bodè, ti àwọn Júù jẹ́ ti ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ kò jọra rárá. Ní Bastakiya, oníkálùkù kọ́ ilé tirẹ̀, ẹni tó lówó jù kọ́ barjeel tó ga jù, ojúlé kan kò sì mọ iye tó wà nínú àpótí ojúlé kejì. Ní Degania, àpótí kan ló wà. Kò sí owó oṣù. Wọ́n jọ ń jẹun nínú gbọ̀ngàn kan, àwọn kibbutz tó tẹ̀lé e sì gbé e débi pé àwọn ọmọ ń sùn sí ilé àwọn ọmọdé, òbí á kàn wá rí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni èmi kò lè gbà láéláé. Ìyá Yorùbá wo ni yóò gbé ọmọ sílẹ̀ lálẹ́ kí ó lọ sùn síbòmíràn nítorí ìlànà? Àwọn ìyá Júù fúnra wọn kò gbà á títí. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ilé àwọn ọmọdé ti kógbá wọlé. Ní 2007, Degania fúnra rẹ̀ dìbò pé kí olúkúlùkù máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ọba ló fún àwọn ará Bastak nílẹ̀, ọba ìlú náà, tí ó mọ ohun tó ń ṣe, tí ó sì jẹ èrè rẹ̀. Àpò owó kan tí àwọn Júù káàkiri ayé dá sílẹ̀ ní 1901 ló ra ilẹ̀ Degania, òfin rẹ̀ sì ni pé ilẹ̀ tó bá ti wọ inú àpò náà kò ní í ṣe é tà mọ́. Yíyá ni ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀ ń yá a. Nínú rírà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta ilẹ̀ lè má gbé orí rẹ̀ rí, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Lárúbáwá tó ń ro ó kò rí ẹni bi wọ́n léèrè. Ìyẹn ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1948, nígbà tí nǹkan bí 700,000 ọmọ Palestine di aláìnílé, tí abúlé tó lé ní 400 sì dahoro, tí àwọn kibbutz kan gba nínú oko wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Kibbutz ni Be'eri, kibbutz ni Nir Oz, níbi tí wọ́n ti pa àwọn ènìyàn nínú ilé wọn ní October 2023. Ohun tí ojú àwọn ará Gaza rí lẹ́yìn náà, gbogbo ayé ló rí i. Àwọn kan máa ń kọ ìtàn kibbutz bí ẹni pé orí àpáta tí ẹnikẹ́ni kò dé rí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ bí ẹni pé olè lásán ni gbogbo wọn láti ọjọ́ kìíní. Ìkankan kò tọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa kọ ìtàn àtìpó, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ Júù kì í ṣe èèwọ̀ ní Dubai mọ́. Láti ìgbà tí Emirates, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà nínú rẹ̀, ti bá Ísírẹ́lì fọwọ́ sí àdéhùn ní September 2020, àwọn Júù ń jọ́sìn níbẹ̀ ní gbangba. Ní Abu Dhabi, sínágọ́gù Moses Ben Maimon ṣí ní 2023, nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ká padà sí Bastakiya, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí n má bá nǹkankan níbẹ̀. Epo rọ̀bì jáde ní Dubai ní 1966. Owó dé, iná dé, ẹ̀rọ amúlétutù dé, àwọn ìdílé Bastak kó lọ sí ilé tuntun tó ní ọgbà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ilé àtijọ́ di ibi ìkẹ́rùsí àti ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà àti Pakistan, tí wọ́n kún inú yàrá. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n wó apá kan àdúgbò náà láti fi kọ́ ọ́fíìsì ọba. Ní 1989, wọ́n ti pinnu láti wó ìyókù. Rayner Otter, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń yàwòrán ilé, tí ó ti tún ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ṣe tó sì ń gbé inú rẹ̀, kọ lẹ́tà sí Ọmọba Charles ìgbà náà, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó kórìíra kí wọ́n máa wó ilé àtijọ́. Charles wá sí Dubai lọ́dún náà, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbẹ̀, ó rìn yíká, ó sì ní kí wọ́n dá a sí. Wọ́n dá a sí. Ìtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Kí n sọ òótọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé ọmọ ọba ìlú mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Síbẹ̀, ilé ló ṣe pàtàkì. Ẹnu yòówù tó gbà á là, ó ṣeun.

Inú mi kò dùn sí i tán, àmọ́. Àdúgbò náà ti mọ́ jù. Kò sí ọmọdé tó ń sáré, kò sí aṣọ lórí okùn, kò sí òórùn ọbẹ̀. Ilé kọfí, ilé àwòrán, ilé-ìtura kékeré, ilé ẹ̀kọ́ àṣà tí àwọn àlejò ti ń jẹun tí wọ́n sì ń bi àwọn ọmọ Emirates ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ Bastak kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà nílùú. Bastaki ni orúkọ ìdílé púpọ̀ ní Dubai, ọmọ onílùú ni wọ́n, wọ́n sì ní ìwé ìrìnnà Emirates lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì E303 láti ibùdókọ̀ Union lọ sí Sharjah, ọ̀dọ̀ àbúrò mi kan. Ó ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má retí ilé ńlá o." Ọ̀nà yẹn kò jìn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ lójú pópó débi pé a lè sùn kí a jí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai tí wọn kò lè san owó ilé Dubai ló kún un. Ìlú méjèèjì fara kanra, ìwà wọn ò jọra. Sharjah kò gba ọtí láàyè láti 1985. Ọba rẹ̀, Sheikh Sultan bin Muhammad Al Qasimi, tó ti wà lórí oyè láti 1972, jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìwé ìtàn, ilé-ìṣura ohun àtijọ́ sì pọ̀ nílùú rẹ̀.

Àbúrò mi ń gbé nítòsí Rolla, gbàgede kan tí wọ́n fi igi ńlá sọ lórúkọ. Igi náà wó ní 1978. Ère rẹ̀ ló dúró níbẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ ìsinmi, gbàgede náà kún fún àwọn òṣìṣẹ́ láti Bangladesh, Nepal, Uganda, Nàìjíríà, tí wọ́n jókòó sórí koríko, tí wọ́n ń pe ilé lórí fóònù. Ilé tí a wọ̀ jẹ́ ilé alájà púpọ̀. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì onípele méjì tò yí ògiri ká, oníkálùkù fi aṣọ ìkélé bo tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì-sípéèsì ni gbogbo wọn ń pè é. Lẹ́yìn ìkélé àbúrò mi, gbogbo ayé rẹ̀ wà níbẹ̀: àpótí aṣọ lábẹ́, ìwé ìrìnnà nínú nílọ́ọ̀nù lábẹ́ ìrọ̀rí, okùn ìgbaná, ìgò àádùn kan tí mo gbé wá fún un, tí ó ti ṣí kí n tó jókòó tán. Ní ilé ìdáná, ìkòkò oníkálùkù ní àmì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti gáàsì jẹ́ ti gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń sè lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dá àjọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn pàdánù iṣẹ́ síkúrítì rẹ̀, àwọn tó kù ló san owó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí ó fi ríṣẹ́ mìíràn. Àbúrò mi sọ ìyẹn fún mi bí ohun tí kò tọ́ sí ìyìn, ó kàn ń bó ẹyin lọ.

Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ jọ ti kibbutz. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn yẹn ń san owó bẹ́ẹ̀dì?"

Mo ní rárá.

"Ṣé físà wọn máa ń parí?"

Mo dákẹ́. Mo sọ ti Bastakiya fún un, pé àjèjì náà ni wọ́n, wọ́n sì di ọmọ onílùú. Ó ronú díẹ̀. "Àwọn ará Bastak mú owó wá, ẹ̀gbọ́n. Àwa mú ọwọ́ wá."

Kò sí èsì fún ìyẹn. Ní Emirates, àwọn àjèjì tó ohun bí mẹ́sàn-án nínú ènìyàn mẹ́wàá. Wọ́n lè gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n bímọ síbẹ̀, kí ọmọ náà má mọ ìlú mìíràn, síbẹ̀ orí iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ wọn sinmi lé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilẹ̀ ti bọ́. Láti 2002, olówó lè ra ilé ní àwọn àgbègbè kan ní Dubai. Láti 2019, wọ́n ń fún àwọn tó lówó tàbí tó ní ẹ̀kọ́ pàtàkì ní físà ọlọ́dún pípẹ́. Síkúrítì kò sí lára wọn. Fún àwa ọmọ Nàìjíríà, ó tún burú sí i: ní October 2022, wọ́n dá físà wa dúró, ọkọ̀ òfurufú Emirates kò fò wá sí Lagos mọ́, títí di 2024 tí wọ́n tún ṣí ọ̀nà pẹ̀lú òfin tuntun. Ẹnìkan nínú yàrá yẹn kò lè lọ sin bàbá rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, nítorí pé físà tirẹ̀ ń parí lọ, bó bá jáde, kò dájú pé yóò lè wọlé mọ́. Ní oṣù kẹfà 2025, àwọn aláṣẹ ìlú Dubai bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn tó fi pákó pín yàrá fún ayálégbé, ní Al Rigga, Satwa àti àwọn àdúgbò mìíràn. Wọ́n ní iná lè jó ilé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ibo ni kí àwọn tó wà lẹ́yìn ìkélé gbà lọ? Sharjah ni, Ajman ni, títí ibẹ̀ náà yóò fi kún.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àjèjì tó bá tọrọ ilẹ̀ oko, onílẹ̀ á fún un, yóò sì máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, iṣu tàbí emu tàbí owó, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ilẹ̀ ṣì ní olówó rẹ̀. Irú ìṣákọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Sharjah náà rí. Níbẹ̀, mo rí ilé tí wọ́n kọ́ ní 1932 fún àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, Imperial Airways, tó ń lọ láti London sí Íńdíà. Al Mahatta ni wọ́n ń pè é, ilé-ìṣura ohun àtijọ́ ni báyìí, pápá tí ọkọ̀ òfurufú ń bà sí ti di títì. Gẹ̀ẹ́sì tó gba ayé, tí ó gba tiwa nílé, owó ilẹ̀ ló ń san fún ọba Sharjah lóṣooṣù. Mo fẹ́ràn láti rò ó. Ohun tí àbúrò mi ń san lórí físà àti bẹ́ẹ̀dì, ìṣákọ́lẹ̀ náà ni, àfi pé ní ti àwọn baba wa, ọmọ àjèjì náà lè jogún oko náà.

Àwa náà ní kibbutz tiwa, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ní January 1947, àwọn ọmọ ìjọ kan tó ti inú Kérúbù àti Séráfù wá, tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí, kó lọ sí etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí kò sí ẹni tó ń du ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dá Ayétòrò sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí kò sí ju irà àti iyanrìn lọ. Wọ́n fi pákó kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì. Àpò kan ni gbogbo owó ẹja ń wọ̀, kò sí owó oṣù, ìjọ ló ń fún olúkúlùkù ní oúnjẹ àti aṣọ. Wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ní ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ. Iná mànàmáná wọn tàn ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Àwọn òyìnbó onímọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn láti wò ó. Stanley Barrett kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1977. Nígbà tó yá, wọ́n fi àpò kan sílẹ̀, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí wá tirẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960, bí Degania ṣe wá ṣe lẹ́yìn wọn. Mi ò ka ìyẹn sí ìjákulẹ̀. Ogún ọdún tí ènìyàn fi jẹun nínú ìkòkò kan láìsí ẹni tó fi ìbọn tì í kì í ṣe kékeré.

Ohun tí ń pa Ayétòrò lónìí kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ìjà. Òkun ni. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó ń gbé itẹ́ òkú lọ. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun síta, wọ́n sì tún un gbé síta lẹ́yìn náà. Àwọn ará ìlú ti gbé àkọlé ìfẹ̀hónúhàn lọ́wọ́ nínú omi, wọ́n ń ké pé ìlérí tó.

Lẹ́tà ẹnìkan ló gba Bastakiya là, kì í sì í ṣe ọmọ ìlú náà ló kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní Èkó, ní London, ní Dubai gan-an, ẹ kọ tiyín. Ẹ kọ sí gómìnà Oǹdó, ẹ kọ sí àwọn aṣòfin yín l'Ábújá, ẹ bèèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti iye owó tó jáde. Kí ẹ sì fi fóònù yín gba ohùn àwọn àgbà Ayétòrò sílẹ̀ lọ́dún yìí, nítorí pé ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1947 ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún.